Ilé Onípákó Lọ́kọ́ja àti Ọgbọ́n Àwọn Gbẹ́nàgbẹ́nà Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìlú tí odò ńlá méjì bá ti pàdé, ìlú àlejò ni, bí ó fẹ́ bí ó kọ̀. Odò Ọya, èyí tí àwọn baba wa fi sọrí Ọya aya Ṣàngó, obìnrin tí ń bá ìjì rìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀, a máa ti ilẹ̀ Tápà sọ̀ kalẹ̀ wá. Odò Bẹ́núé a máa ti ìhà ìlà-oòrùn wọ́ bọ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá sì di ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ Òkè Patti, wọ́n a jùmọ̀ kọrí sí òkun láì tún yà mọ́. Ibẹ̀ ni Lọ́kọ́ja tẹ̀dó sí, Lọ́kọ́ja tí í ṣe olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogi láti oṣù kẹjọ ọdún 1991 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, tí wọ́n jẹ́ ìbátan wa nínú àwọn ọmọ Òkun, ń gbé ní àyíká àwọn òkè ibẹ̀. Tápà, Haúsá, Ígálà, Ẹ̀bìrà àti Bàsà sì pa pọ̀ mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro kí ènìyàn ná ẹja tán ní ọjà ìlú náà láì gbọ́ èdè mẹ́rin.

Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi ni í kó èrò wá síbẹ̀. Láyé òde òní, àwọn awakọ̀ tí ń ti Èkó, Ìbàdàn, Àkúrẹ́ àti Kàbà lọ sí Àbújá ni wọ́n ń yà níbẹ̀ láti jẹun, láti fẹ́ ara wọn sí atẹ́gùn, tàbí láti sùn bí ilẹ̀ bá ti ṣú mọ́ wọn lójú ọ̀nà. Nítorí náà ilé èrò pọ̀ níbẹ̀, láti òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́ta tí ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn lára ògiri rẹ̀ títí dé yàrá kékeré tí iye owó rẹ̀ kò ju ti oúnjẹ ọ̀sán lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ̀nyí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn ilé kan tún wà tí ó ti dàgbà ju gbogbo wọn lọ, tí wọ́n lóṣòó sórí òpó kúkúrú lẹ́sẹ̀ òkè, tí ara wọn jẹ́ pákó, tí orí wọn jẹ́ páànù, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbòòrò sì yí wọn ká. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọjá lọ lẹ́bàá wọn lójoojúmọ́ kò bojú wò wọ́n. Àwọn ilé tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kọ́ fún ara wọn nìyẹn, nígbà tí àwọn fúnra wọn jẹ́ àlejò ní Lọ́kọ́ja, ìgbà tí wọn kò tí ì mọ̀ bí ilẹ̀ náà yóò gbà wọ́n tàbí yóò gbé wọn mì.

Wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn ilé wọ̀nyí jẹ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ dé ìlú tí ọgbọ́n wọn ti wá, kí a sì wo irú ilé tí àwọn baba ńlá àwọn tí ó kọ́ wọn fi ń gba àlejò nílé tiwọn.

Ní ìhà gúúsù Odò Thames ní Lọ́ńdọ́nù ni àdúgbò Southwark wà. Àwọn ènìyàn wa mọ apá ibẹ̀ dáadáa, nítorí pé abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Southwark náà ni Peckham wà, Peckham tí ènìyàn ti lè ra iṣu, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹja gbígbẹ kí ó sì fi èdè Yorùbá ná wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò jìnnà sí ibẹ̀, nítòsí afárá tí à ń pè ní London Bridge, ilé èrò kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ The George. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, afárá kan ṣoṣo yìí ni ó wọ inú Lọ́ńdọ́nù láti ìhà gúúsù, títí tí wọ́n fi ṣí èkejì ní Westminster ní ọdún 1750. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, wọ́n a ti ẹnubodè orí afárá náà pa. Arìnrìn-àjò tí alẹ́ bá lé bá ní Southwark kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó wá ibi tí yóò fi orí lé. Ìdí nìyí tí ilé èrò fi tò lọ bẹẹrẹ lójú pópó ibẹ̀. Tabard, ilé èrò tí akéwì Chaucer fi àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ rẹ̀ sí kí wọ́n tó gbéra lọ sí Canterbury, ẹ̀gbẹ́ The George gan-an ni ó wà kí wọ́n tó wó o ní ọdún 1873.

Ní ọdún 1676, iná ńlá kan jó Southwark, ó sì jó The George mọ́ ọn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n tún un kọ́. Ilé tí wọ́n kọ́ nígbà náà ni ó ṣì dúró lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan rẹ̀ ni ó kù. Ẹni tí ó bá mọ agbo ilé Yorùbá, tí ó mọ bí yàrá ti ń yí àgbàlá ká tí gbogbo ẹnu ọ̀nà sì dojú kọ ibi kan náà, kò ní ṣe àlejò nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Àgbàlá ni ó wà láàárín, níbi tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin ti ń wọlé. Ilé a sì yí àgbàlá náà ká, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígi lókè tí ó gba iwájú àwọn yàrá kọjá, tí àlejò lè dúró sí kí ó máa wo ohun tí ń lọ nísàlẹ̀. Àwọn òṣèré a máa ṣeré nínú irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, tí àwọn tí ó sanwó jù yóò wà lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, tí àwọn mẹ̀kúnnù yóò sì dúró sórí ilẹ̀. Láti inú àṣà yìí ni ilé eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú àwòrán rẹ̀. Ní ìlú Gloucester, ilé èrò mìíràn tí ó dàgbà ju The George lọ ṣì wà tí à ń pè ní New Inn, èyí tí àwọn ẹlẹ́sìn kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1450 fún àwọn tí ń wá síbi ibojì Ọba Edward Kejì. Tuntun ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ náà wá, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún dín ọgbọ̀n tí ó ti ń gba èrò.

Kí ni ó mú kí ilé onígi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Igi óákù ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà náà ń lò, igi líle tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún nílẹ̀ wọn bí àwa náà ti ń bọ̀wọ̀ fún ìrókò Olúwéré, baba igi. Tútù ni wọ́n ń gé e lò, nítorí pé bí óákù bá gbẹ tán, àáké a máa ta padà lára rẹ̀. Wọn kì í kan ìṣó mọ́ ọn. Wọ́n á lu ihò onígun mẹ́rin sára òpó, wọ́n á gbẹ́ ahọ́n sí ẹnu ìtì igi tí yóò dábùú, wọ́n á ti ahọ́n bọ inú ihò, wọ́n á sì fi èèkàn igi gún méjèèjì pọ̀. Ọgbọ́n àwọn àgbà wà níbẹ̀: wọn kì í jẹ́ kí ihò èèkàn tí ó wà lára ahọ́n ṣe déédéé pẹ̀lú èyí tí ó wà lára òpó, wọ́n a fi díẹ̀ sún un mọ́ ìdí ahọ́n, tí ó fi jẹ́ pé bí òòlù bá ti ń gbá èèkàn wọlé, bẹ́ẹ̀ ni èèkàn náà ń fa ahọ́n wọ inú òpó, tí wọ́n á fi gbá mọ́ra pinpin. Nígbà tí igi náà bá wá ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, a lọ́, a wọ́, a sì di ara rẹ̀ mú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn ilé wọ̀nyí fi máa ń rí wíwọ́ lójú àlejò, tí àjà wọn rọ̀ sí apá kan, tí ilẹ̀kùn wọn kò sì gún régé, síbẹ̀ tí wọn kò wó.

Láàárín òpó àti òpó ni wọ́n ti ń hun igi wẹ́wẹ́, tí wọ́n á fi amọ̀ tí a pò mọ́ koríko àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹ. Ọmọ ilẹ̀ Yorùbá tí ó bá dàgbà létí ọ̀sà tàbí létí odò kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé èyí fún un. Ìsàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ òkúta sí, kí ẹsẹ̀ òpó má baà kan ilẹ̀ tútù, nítorí pé òpó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti ń mu omi, ọjọ́ rẹ̀ ti níye. Nípa ti òkè, wọ́n a máa jẹ́ kí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yọ síta ju ilé ìsàlẹ̀ lọ, kí àyè lè pọ̀ sí i lókè níbi tí ojú ọ̀nà ti há, kí ọ̀wààrà òjò má sì lu ògiri ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ wa jù lọ ni pé, ilé náà kì í bẹ̀rẹ̀ lójú ibi tí yóò dúró sí. Inú ọgbà gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n ti ń gé gbogbo igi rẹ̀, tí wọ́n ń to ẹgbẹ́ ògiri kọ̀ọ̀kan sórí ilẹ̀ láti mọ̀ bóyá ihò gba ahọ́n. Bí ó bá ti bá ara mu, wọ́n á fi ìfọ́n-igi há àmì sí ibi tí igi méjì ti pàdé, ilà kan, ilà méjì, ilà mẹ́ta, tàbí ilà tí ó dábùú ara wọn, kí olúkúlùkù lè mọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á kó o sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n á gbé e lọ sójú ilẹ̀ tí oníbàárà rà, ọ̀pọ̀ ọwọ́ yóò sì para pọ̀ gbé e dìde. Àwọn àmì wọ̀nyẹn ṣì wà lára òpó àwọn ilé àtijọ́ wọn títí di òní. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, a ó rí i pé ilé onígi ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ilé tí ó lè rìnrìn-àjò láti ìpìlẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wá. Ilé tí ó bá ti lè gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ìletò kejì, kí ni yóò dí i lọ́wọ́ láti wọ ọkọ̀ òkun?

Nígbà tí ó di nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ràn káàkiri ayé, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àáké. Pákó páìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti rọ́pò ìtì óákù. Ìṣó àti ìdè irin ti gba ipò èèkàn igi. Ṣùgbọ́n ìlànà náà kò yí padà: a gé ilé tán nílùú òyìnbó, a kọ nọ́ńbà sára pákó, a dì í sínú àpótí, a sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò tò ó. Ní Calabar, lórí òkè tí ó kọjú sí odò, ọ̀kan nínú irú wọn tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Nàìjíríà ṣì dúró. Ní ọdún 1884 ni wọ́n gbé e ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, pẹ̀lú igi páìnì tí ó ti ilẹ̀ Scandinavia wá, láti fi ṣe ibùgbé aṣojú ọba wọn. Láti ọdún 1959 ni òfin ti ka ilé yìí sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, òun náà sì ni wọ́n sọ di Mùsíọ́mù Calabar tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń wọ́ lọ wò.

Ọ̀nà tí Lọ́kọ́ja gbà bọ́ sínú ìtàn yìí gùn, ó sì kún fún òkú. Ní ọdún 1841, ọkọ̀ mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, gun Odò Ọya wá pẹ̀lú èrò àti fi òpin sí òwò ẹrú, kí wọ́n sì dá oko àwòṣe sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n rà lọ́wọ́ Àtá Ígálà. Ajàyí Crowther, ọmọ Òṣoogùn, ẹni tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí tí Ọlọ́run sì yọ, wà nínú ọkọ̀ náà. Ibà dá wọn padà. Nínú òyìnbó márùnlélógóje tí ó wà nínú ọkọ̀, ó lé ní ogójì tí ó fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i. Ní ọdún 1854 ni òyìnbó kan tí ń jẹ́ Baikie gun odò náà pẹ̀lú ọkọ̀ Pleiad, tí ó mú kí gbogbo òyìnbó tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ máa lo kuníìnì, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tí ibà pa. Baikie yìí náà ni ó padà wá tẹ Lọ́kọ́ja dó gẹ́gẹ́ bí ibùdó àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí ó gbé láàárín àwọn ènìyàn ibẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan kí ó tó kú sí ilẹ̀ Sàró ní ọdún 1864, nígbà tí ó ń padà lọ sílé. Ní ọdún 1865, Crowther, tí ó ti di bíṣọ́ọ̀bù, fi ìdí iṣẹ́ ìhìnrere àti ilé ìwé múlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900, wọ́n sọ àsíá Ilé-iṣẹ́ òwò Royal Niger kalẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, wọ́n fa ti ọba Gẹ̀ẹ́sì sókè, Frederick Lugard sì di olórí ilẹ̀ Àríwá. Kò pẹ́ tí ó fi kó ìjọba rẹ̀ lọ sí Jẹ́bà, lẹ́yìn náà sí Zungeru ní ọdún 1902; ṣùgbọ́n àwọn ilé rẹ̀ kò bá a lọ tán. Títí di òní, Lugard House ni orúkọ ilé ìjọba Ìpínlẹ̀ Kogi, ìtàn tí wọ́n sì ń sọ ní Lọ́kọ́ja ni pé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti di ilé onípákó rẹ̀ lẹ́rù wá.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń kọ́ irú ilé náà. Ohun àkọ́kọ́ ni òpó tí ó gbé e kúrò nílẹ̀. Ìdí méjì ni wọ́n ní fún èyí, ọ̀kan jẹ́ òótọ́, èkejì jẹ́ àṣìṣe. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé, kí Ronald Ross tó fi hàn ní ọdún 1897 pé ẹ̀fọn ni í gbé ibà kiri, àwọn oníṣègùn òyìnbó gbà pé èéfín búburú tí ń rú jáde láti inú ilẹ̀ tútù lálẹ́ ni í fa ibà. Nítorí náà wọ́n fẹ́ kí ibùsùn wọn ga, kí ilé wọn sì wà lórí òkè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni ikán. Ikán ilẹ̀ wa kò mọ olówó, kò mọ ọba. Pákó páìnì tí ó bá kan ilẹ̀ Lọ́kọ́ja, oúnjẹ rẹ̀ ni. Nítorí náà ni wọ́n fi ń dé irin pẹlẹbẹ lé orí òpó kí igi tó bẹ̀rẹ̀, tí ikán tí ó bá fẹ́ gun òkè yóò fi ní láti la ọ̀nà rẹ̀ gba ojú ìmọ́lẹ̀, níbi tí ọmọ ọ̀dọ̀ ti lè rí i kí ó sì gbá a dànù.

Ohun kejì ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́kọ́ja móoru, àwọn òkè tí ó yí i ká a máa há ooru mọ́ ọn, omi odò méjèèjì a sì máa fi ọ̀rinrin kún un. Bí oòrùn bá kan ògiri pákó ní tààrà, inú ilé yóò di ààrò. Àwọn tí ó ya àwòrán ilé náà wá fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí yàrá ká, wọ́n sì jẹ́ kí òrùlé yọ kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé oòrùn kì í fojú kan ògiri láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí náà ni wọ́n ń jókòó sí láti jẹun, láti kọ̀wé, àti láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ó wá rojọ́, tí àwọn ẹlẹ́jọ́ yóò dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Fèrèsé rẹ̀ jẹ́ onípákó wẹ́wẹ́ tí a dẹ̀ lélẹ̀ ní ìpele-ìpele, tí ó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé tí ó sì ń ti òjò síta. Lókè, wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín àjà àti páànù kí ooru lè rí ibi sá jáde. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù nígbà náà; ilé fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà.

Ilé kékeré kan tún wà lórí Òkè Patti gan-an, tí wọ́n ń pè ní ilé ìsinmi Lugard, níbi tí ènìyàn ti lè dúró kí ó máa wo bí omi méjèèjì ti ń pàdé. Àwọn amọ̀nà a máa sọ fún àlejò pé ibẹ̀ ni Flora Shaw, aya Lugard, dúró sí, tí ó wo odò, tí ó sì fún orílẹ̀-èdè wa lórúkọ. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897 ni Flora Shaw kọ orúkọ náà sínú ìwé ìròyìn The Times ní Lọ́ńdọ́nù, bẹ́ẹ̀ ọdún 1902 ni ó tó di aya Lugard. Òkè náà kò nílò ìtàn yìí láti níyì. Ẹni tí ó bá dé orí rẹ̀ nígbà tí oòrùn ń wọ̀ kò ní béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ kí ni lórí rẹ̀.

Àwọn kan á wá sọ pé, kí ni ó kàn wá nínú ilé amúnisìn? Wọ́n á ní, àwọn tí ó kọ́ ọ kọ́ ọ jìnnà sí ìlú kí ọmọ ìbílẹ̀ má baà bá wọn gbé, òwò àti ogun ni ó sì gbé wọn wá. Bí ikán bá jẹ ẹ́, ẹ jẹ́ kí ó jẹ ẹ́. N kò lè pe àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ ní òmùgọ̀, nítorí pé òótọ́ wà lẹ́nu wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ baba wa ni ó dúró nísàlẹ̀ rẹ̀ ní fìlà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilé kì í jẹ́ ti ẹni tí ó sùn nínú rẹ̀ nìkan. Ọwọ́ tí ó já àpótí kúrò nínú ọkọ̀, orí tí ó ru pákó gun òkè, àwọn tí ó ń nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sì ń gbá ikán lára òpó, ọwọ́ àti orí àwọn ènìyàn wa ni. Bí a bá jẹ́ kí ilé náà pòórá, a ó pa ẹ̀rí ìwà àwọn amúnisìn rẹ́, a ó sì pa ẹ̀rí iṣẹ́ àwọn baba wa rẹ́ mọ́ ọn. Ẹ̀rí ni ilé jẹ́ kí ó tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́.

Àwa náà kò ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ igi. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó kú ní ọdún 1938, ni ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, pẹ̀lú ère ọba lórí ìtẹ́ àti olorì tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ gbangba. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn ààfin náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ó wu àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fi àga ọba kan ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, inú mùsíọ́mù wọn ní Lọ́ńdọ́nù ni ó sì wà di òní olónìí. Ẹ wo ohun tí ayé ń ṣe: ilé pákó tí ikán lè jẹ ni wọ́n gbé wá fún wa, ilẹ̀kùn tí kò sí irú rẹ̀ láyé ni wọ́n gbé lọ. Wọ́n tọ́jú tiwọn, wọ́n tọ́jú tiwa mọ́ ọn. Àwa ń kọ́?

Kókó ọ̀rọ̀ mi nìyí. Àwọn tí ó bá rí The George máa ń rò pé agbára óákù ni ó mú un dúró láti ọdún 1677. Óákù lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò àti kòkòrò wà nílùú òyìnbó pẹ̀lú. Ohun tí ó gba ilé onígi là ni pé, bí ìtì kan bá jẹrà, a lè yọ òun nìkan kúrò, kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kí ìyókù má mira. Igi kan kì í dá igbó ṣe, bẹ́ẹ̀ ni pákó kan kì í dá ilé wó. Ilé ń wó nígbà tí a bá fi pákó kan sílẹ̀ títí ó fi ran èkejì, tí èkejì ran ẹ̀kẹta, tí páànù sì jò fún ọdún mẹ́ta láì sí ẹni tí ó gun òkè lọ wò ó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti jẹ̀bi èyí rí: ní ọdún 1889, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tí ó ni The George wó apá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ láti fi ṣe ibi ìkẹ́rù sí. Ìyẹn ni ó dùn wọ́n tí wọ́n fi di apá kan tí ó kù mú ṣinṣin, tí àjọ National Trust sì gbà á sábẹ́ àbójútó rẹ̀ ní ọdún 1937. Ọtí ṣì ń dà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Wọn kò sọ ọ́ di ojúbọ. Wọ́n ń lò ó, ìlò náà ni ó sì ń sanwó àtúnṣe rẹ̀.

Ní tiwa, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Ìlọ́jọ̀ Bar ní Èkó yẹ kí ó ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Nítòsí gbàgede Tinúubú ni ilé náà wà, àwọn Àgùdà ni ó kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1855, ó di ilé oúnjẹ àti ilé ọtí tí àwọn gbajúmọ̀ Èkó ń rọ́ lọ. Òfin sì kà á sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ọgọ́ta ọdún tí orúkọ rẹ̀ fi wà nínú ìwé ìjọba kò gbà á lọ́wọ́ katakata. Láti ọdún 1979 ni a ti ní òfin tí ó dá àjọ tí ń bójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀, àjọ náà sì ní mùsíọ́mù tí ó dá lórí ìtàn ìgbà amúnisìn ní Lọ́kọ́ja gan-an. Ṣùgbọ́n òfin kì í kun ọ̀dà, ìwé kì í sì í pààrọ̀ páànù.

Lọ́kọ́ja ní ọ̀tá tí ó ju ikán lọ. Omi odò méjèèjì kún dé inú ìlú ní ọdún 2012, ó sì tún kún ní ọdún 2022, tí ọ̀pọ̀ ìdílé sì sá fi ilé sílẹ̀. Ìlú náà ń gbòòrò láti Ganaja títí dé Felele, ilẹ̀ ń wọ́n, ẹni tí ó bá sì fojú owó wo ilẹ̀ tí ilé onípákó wà lórí rẹ̀ yóò rí i pé òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́rin lè gbà á. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ilé tí a bá ti pa tì ni ó ń pe oníkatakata.

Nítorí náà, mo bẹ ìjọba Ìpínlẹ̀ Kogi, mo sì bẹ àwọn ọmọ Lọ́kọ́ja tí ọwọ́ wọn dé ibi tí nǹkan wà. Ẹ ka àwọn ilé wọ̀nyí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ya àwòrán wọn, kí ẹ sì kọ ipò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀. Ẹ mú ọ̀dọ́ káfíńtà mélòó kan nínú àwọn tí ń kan àga àti ibùsùn ní Adankolo, kí ẹ kọ́ wọn ní àtúnṣe ilé pákó, kí iṣẹ́ náà lè di oúnjẹ òòjọ́ fún wọn. Ẹ fi àwọn ilé náà gba àlejò, nítorí pé àwọn èrò tí ń lọ sí Àbújá kò ní yéé sùn ní Lọ́kọ́ja, àlejò tí ó sì ti rẹ̀ yóò fi ayọ̀ sanwó láti sùn nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ odò ń gbà kọjá. Ẹ kọ ìtàn òtítọ́ sára ògiri wọn, ti ẹni tí ó sùn níbẹ̀ àti ti ẹni tí ó ru pákó rẹ̀. Iye tí a ó fi pààrọ̀ pákó mẹ́wàá lọ́dọọdún kò tó ìdá kan nínú owó tí a ó fi kẹ́dùn lẹ́yìn ọ̀la. Ilé onígi kò béèrè ju èyí lọ: kí ẹnì kan máa gun òkè rẹ̀ lọ wo páànù kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.